Àlòkù, Tòkunbọ̀ àti Òtítọ́ Ọjà

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọdé ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, mo sì ti pa á fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ìgbà tí kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n n kò mọ bí òwe náà ti jinlẹ̀ tó àfi ìgbà tí èmi fúnra mi gbé ọjà kan jáde láti tà, tí mo sì rí i pé mo ti fi òtítọ́ sílẹ̀ nílé kí n tó jáde. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí: ẹni tí ó ń ta ohun àlòkù, tí ó sì mọ àbùkù tí ó fara sin sínú rẹ̀, ǹjẹ́ ó jẹ ẹni tí ń rà á ní gbèsè òtítọ́, bí onítọ̀hún kò tilẹ̀ béèrè?

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan ni mo ní. Tòkunbọ̀ ni mo rà á, mo sì lò ó fún ọdún mẹ́jọ. Ní ọdún kẹfà, ọkọ̀ akẹ́rù kan kọ lù ú láti ẹ̀yìn ní òpópónà Òṣòdì sí Àpápá. Orí kó mi yọ, ṣùgbọ́n irin tí ó gbé gbogbo ara ọkọ̀ náà ró, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ṣáásì, ya. Àwọn wẹ́dà jó o pọ̀, àwọn tí ń lu ara ọkọ̀ lù ú títí ó fi gún, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà, kò sì sí ojú tí ó lè rí àpá náà mọ́. Mẹkáníìkì mi kìlọ̀ fún mi pé kí n má ṣe máa kó èrò tàbí ẹrù púpọ̀ sínú rẹ̀, nítorí pé ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀ náà lè já lójijì. Mo gba ìkìlọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tí owó kò sì tó ná mọ́, mo kọ ọ́ sórí páálí pé títà ni ọkọ̀ náà, mo sì fi páálí náà há iwájú gíláàsì.

Ìyá oníṣòwò kan láti Ìsọlọ̀ ni ó wá wò ó. Ó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin máa fi í ṣe kàbúkàbú láti Ìsọlọ̀ sí Òṣòdì. Ó wọ inú ọkọ̀, ó jáde, ó fọwọ́ pa á lára. Ó bi mí nípa ẹ́ńjìnnì, mo sọ òtítọ́. Ó bi mí nípa táyà, mo sọ òtítọ́. Kò bi mí nípa ṣáásì, n kò sì sọ nǹkan kan. A ná an títí ó fi ṣe é ná, ó ka owó fún mi, mo kó ìwé ọkọ̀ fún un, mo sì tún súre fún un pé yóò fi í ṣe owó. Nígbà tí mo ròyìn ọ̀rọ̀ náà fún mẹkáníìkì mi, ó ní, “Bàbá, ẹ kò kúkú purọ́. Ẹ kàn dákẹ́ ni.” Ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà tù mí nínú ni, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni oorun ti di ọ̀wọ́n fún mi.

Ǹjẹ́ dídákẹ́ yàtọ̀ sí irọ́ pípa? Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tèmi nìkan ni, n kì bá má ti mú un wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ mọ̀ pé ohun àlòkù ni ó ń gbé ayé ọ̀pọ̀ ènìyàn ró níbẹ̀. Lẹ́bàá òpópónà tí ó lọ sí Àpápá, ọkọ̀ tí wọ́n ń tà wà ní ìlà bí àgbàdo inú oko. Ní Ládípọ̀, ní apá Muṣin tí kò jìnnà sí Òṣòdì, ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí wọ́n ti tú ni wọ́n ń tà: ẹ́ńjìnnì, gíà, iná, ilẹ̀kùn. Fíríìjì ń bẹ, tẹlifíṣọ̀n ń bẹ, aṣọ tí a fi orúkọ ìlú Okrika ní Ìpínlẹ̀ Rivers pè ń bẹ lọ súà. Àlòkù fíríìjì, àlòkù aṣọ àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ àlòkù táyà wà lára ohun tí ìjọba àpapọ̀ ka kíkó wọlé wọn léèwọ̀, síbẹ̀ a ń rí wọn rà. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kó àwọn oníṣòwò kúrò ní ojú ọ̀nà Òṣòdì. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, wọ́n wó ọjà Owónífàárí. A ń wó ọjà, ọjà sì ń hù, nítorí pé ẹni tí apá rẹ̀ kò ká tuntun kò ní ṣàìnílò nǹkan. N kò bá ẹnikẹ́ni wí pé ó ra àlòkù. Àlòkù ni èmi náà fi gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé.

Ẹ jẹ́ kí á wo orúkọ tí a fún irú ọjà yìí. Tòkunbọ̀ kì í ṣe orúkọ ọjà láti ilẹ̀ wá. Orúkọ ọmọ ni. Ọmọ tí a bí sí ẹ̀yìn odi, tí àwọn òbí rẹ̀ gbé wá sílé, ni à ń sọ ní Tòkunbọ̀. Bí a bá sì wò ó dáadáa, orúkọ òtítọ́ ni, nítorí pé ó ń sọ fún gbogbo ẹni tí ó bá gbọ́ ọ pé ọmọ yìí ní ìtàn kan ní ìhà kejì òkun, ìtàn tí àwa tí a wà nílé kò ṣe ojú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àṣà wa rí. Àìná ń sọ bí a ti bí i, Ìdòwú ń sọ ẹni tí ó tẹ̀ lé, Abíọ́nà ń sọ ibi tí ìrọbí ti mú ìyá rẹ̀. Yorùbá kì í jẹ́ kí ọmọ wọ inú ẹbí láìjẹ́ pé ìtàn rẹ̀ wọlé pẹ̀lú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé orúkọ yìí lé ọkọ̀ lórí, ó yí padà di ìbòjú. Ẹni tí ń tajà kò ní sọ pé àlòkù ni. Yóò ní tòkunbọ̀ ni, bí ẹni pé omi òkun ti wẹ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ọkọ̀ náà nù. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé ìwádìí kan jáde ní ọdún 2020 tí ó fi hàn pé mílíọ̀nù mẹ́rìnlá àlòkù ọkọ̀ kéékèèké ni wọ́n kó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn láàrin ọdún 2015 sí 2018, àti pé ilẹ̀ Áfíríkà ni ó gba ìpín tí ó pọ̀ jù lọ. Púpọ̀ nínú èyí tí ó dé ọ̀dọ̀ wa ni ó ti gba èbúté Kútọnu kọjá, kí ìjọba wa tó fi òfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017, àti lẹ́yìn òfin náà pẹ̀lú. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú wọn ni ó ní ìtàn: ẹni tí ó kọ́kọ́ wà á, ibi tí ó ti forí sọ, omi tí ó ti wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ sọdá, ìtàn kò sọdá. Ẹlẹ́rìí wà ní ìhà kejì òkun, olùrà sì wà ní Òṣòdì.

Àwọn baba wa kì í ṣe aláìmọ̀kan nípa ọjà tí ó ń tajà láìsí ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Ní ayé àtijọ́, ẹni tí ń lọ sí oko a máa gbé iṣu tàbí ọsàn tàbí ẹ̀kọ sí ẹ̀bá ọ̀nà, yóò to òkúta wẹ́wẹ́ sí iwájú rẹ̀ láti fi iye owó ẹyọ hàn, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà á yóò mú ọjà, yóò fi owó sílẹ̀. A máa ń fi èyí yangàn pé ìwà dára láyé àtijọ́, òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á kíyè sí i: olùtajà náà dákẹ́, kódà kò sí níbẹ̀ rárá, síbẹ̀ kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Kí ni ó fà á? Ohun tí ó gbé kalẹ̀ kò ní ìtàn tí ó fi pamọ́. Ojú olùrà tó láti ka gbogbo ohun tí ó wà lára ọsàn. Ohun àlòkù kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nípa rẹ̀ ni ohun tí ojú kò rí.

Nítorí náà ni ọgbọ́n ìdánwò fi wà nínú gbogbo òwò tí àbùkù ti lè fara sin. Obìnrin tí ń ra ìkòkò kì í gbà á lásán. Yóò fi ìka kàn án, yóò tẹ́tí sí ìró rẹ̀, nítorí pé ìkòkò tí ó sán kì í dún bí èyí tí ó ṣe pọ́nún. Bákan náà ni láàrin àwọn tí ń ra àlòkù ọkọ̀ ojú omi onígbòkun, irú èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbé la òkun já. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ ẹni, yóò wá ayẹ̀wò tí ó mọ iṣẹ́, yóò gbé ọkọ̀ náà kúrò nínú omi, ayẹ̀wò yóò sì máa fi òòlù kékeré kan ìdí rẹ̀ níbi gbogbo, láti gbọ́ ibi tí igi ti jẹrà tàbí tí inú rẹ̀ ti ṣófo. Wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré, nítorí pé ẹni tí ọkọ̀ bá já jo ní àárín òkun kò ní ibi tí yóò sọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó ti Ìsọlọ̀ wá kò ní òòlù. Bí ó tilẹ̀ ní in, ọ̀dà tí mo kùn kò ní jẹ́ kí ó gbọ́ ohunkóhun.

Ìjà yìí ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 44 ṣáájú ìbí Kristi, ọ̀mọ̀ràn ará Róòmù kan tí ń jẹ́ Cicero kọ ìwé lórí ojúṣe ọmọ ènìyàn, ó sì gbé ẹjọ́ méjì kalẹ̀ níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ti oníṣòwò kan tí ó kó ọkà láti Alẹkisáńdíríà lọ sí erékùṣù Rhodes ní ìgbà ìyàn. Ó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ọkà mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn òun. Ṣé kí ó sọ fún àwọn ará ìlú, tàbí kí ó dákẹ́ kí ó sì ta tirẹ̀ ní ọ̀wọ́n gógó? Ẹjọ́ kejì ni ti ẹni tí ń ta ilé tí òun nìkan mọ̀ pé igi rẹ̀ ti jẹrà tí ejò sì ń yọ nínú yàrá rẹ̀. Cicero ní ọ̀mọ̀ràn méjì tí ó ti kú ṣáájú òun kò fohùn ṣọ̀kan lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Diogenes ará Bábílónì ní bí olùtajà kò bá ti purọ́ tí kò sì rú òfin, kò jẹ̀bi. Ohun kan ni láti fi nǹkan pamọ́, ohun mìíràn ni láti dákẹ́. Antipater ará Tásọ́sì ní rárá, ọmọ ènìyàn ni ọmọ ènìyàn fi ń ṣe aṣọ, kò sì yẹ kí ẹnìkan fi òkùnkùn ẹlòmíràn ṣe èrè. Ti Antipater ni Cicero gbè sí nínú ẹjọ́ méjèèjì.

Ẹ wo bí ayé ti rí! Mẹkáníìkì mi kò gbọ́ orúkọ Diogenes rí, síbẹ̀ ẹnu kan náà ni wọ́n fi sọ̀rọ̀. Èmi náà kò lè bá Cicero lọ dé òpin. Lójú tèmi, ẹjọ́ ọkà àti ẹjọ́ ilé kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìròyìn ọkọ̀ tí ń bọ̀ jẹ́ ìròyìn ọjà. Kò sí lára ọkà. Ọkà náà jẹ́ ọkà gidi, ẹni tí ó rà á yóò jẹ ẹ́ yó. A lè bá oníṣòwò náà wí pé kò ní àánú, ṣùgbọ́n a kò lè sọ pé kò fún wọn ní ohun tí wọ́n rà. Igi tí ó jẹrà wà lára ilé. Ẹni tí ó fi í pamọ́ gba owó ilé tí ó dúró, ó sì gbé ilé tí ń wó lọ fún ẹni ẹlẹ́ni.

Níhìn-ín ni mo rò pé ìdáhùn wà. Ẹni tí ń ta ohun àlòkù ń ta nǹkan méjì pọ̀: ohun náà, àti ìtàn rẹ̀. A kò lè ya ìtàn yẹn kúrò lára rẹ̀, nítorí pé òun ni ó sọ ohun náà di bí ó ti rí lónìí. Owó tí olùrà san wà fún méjèèjì. Ẹni tí ó bá fi ohun náà sílẹ̀ tí ó sì mú ìtàn rẹ̀ lọ sílé ti gba owó ohun méjì, ó sì fi ẹyọ kan sílẹ̀. Èyí kì í ṣe irọ́ lásán. Olè ni.

Nítorí náà kò pọn dandan kí olùtajà sọ iye tí òun rà á, tàbí pé ẹlẹgbẹ́ òun ní òdìkejì títì ń tà á ní pọ́ọ́kú, tàbí pé owó ilé ni òun ń wá tí òun fi fẹ́ tètè tà á. Ìyẹn jẹ́ ti ọjà. Ìnájà pàápàá kì í ṣe irọ́, bí olùtajà tilẹ̀ ń búra pé òun kò jèrè kọ́bọ̀, nítorí pé tọ̀tún-tòsì ni ó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ná ọjà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bá mi ṣe àdéhùn pé kí a fi ṣáásì tí ó ti ya ṣeré.

Àwọn ẹ̀sìn tí ó wà láàrin wa kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìtàn kan tí àwọn Mùsùlùmí mọ̀ dunjú sọ pé Ànábì Muhammad kọjá lẹ́bàá ẹni tí ń ta oúnjẹ oníhóró, ó ti ọwọ́ bọ inú òkìtì náà, ó sì kan ibi tí ó tutù. Onítọ̀hún ní òjò ni ó pa á. Ànábì bi í pé kí ni kò jẹ́ kí ó gbé èyí tí ó tutù náà sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i. Kò sí ẹni tí ó sọ pé ọkùnrin yẹn purọ́. Ó kàn gbé èyí tí ó gbẹ sókè ni. Òfin orí ilẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀. Òfin ìtajà tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ti ọdún 1893, fi púpọ̀ nínú ìṣọ́ra lé olùrà lọ́wọ́. Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2018, ní kí ẹni tí ń ta ohun àlòkù fi àmì tí ó hàn gbangba sára rẹ̀ pé àlòkù ni. Ó dára bẹ́ẹ̀. Òfin lè mú wa jẹ́wọ́ pé àlòkù ni. Ìwà nìkan ni ó lè mú wa sọ ìtàn rẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹni tí ń tajà ní ẹ̀bá títì yóò sọ. Yóò ní, “Ẹni tí ó tà á fún èmi náà kò sọ fún mi. Bí mo bá sọ, ta ni yóò rà á? Kí ni àwọn ọmọ mi yóò jẹ?” Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀, n kò sì ní fi ẹnu ẹni tí ó ti yó dá ẹni tí ebi ń pa lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fún ní ayédèrú owó kò di aláre nípa níná an fún ẹlòmíràn. Ìyà tí a fi jẹ ẹ́ kò kú. Ó kàn fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ lọ sí ilé aládùúgbò rẹ̀ ni. Bí ó bá sì ń lọ bẹ́ẹ̀ láti ọwọ́ dé ọwọ́, ọwọ́ ẹni tí kò lágbára láti tún un tà ni yóò ti bẹ́.

Ẹ̀wẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ yìí ń pa ọjà fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1970, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ará Amẹ́ríkà kan, George Akerlof, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí títa àlòkù ọkọ̀. Ó wà lára iṣẹ́ tí ó mú kí òun àti àwọn méjì mìíràn gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2001. Ohun tí ó sọ kò ṣòro. Bí olùrà kò bá lè mọ èyí tí ó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára, yóò ná gbogbo rẹ̀ bí ẹni pé agbedeméjì ni wọ́n. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ dára yóò rí i pé owó náà kéré, yóò gbé tirẹ̀ lọ sílé. Èyí tí kò dára ni yóò kù ní ọjà, iye tí olùrà fẹ́ san yóò sì tún wálẹ̀ sí i. Nígbà tí mo ka èyí, mo ní àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́. Òtítọ́ dé ọjà ó kùtà. Àwọn kan rò pé òwe yẹn ń gbà wá níyànjú láti ra èké ni. Rárá o. Ẹkún ni. Ó ń sọ bí ọjà ti máa ń rí nígbà tí àwọn olùtajà bá ti fi ìdákẹ́jẹ́ ba ojú ara wọn jẹ́, tí ẹni tí ń sọ òtítọ́ kò fi ní ohun tí yóò fi dá a mọ̀ yàtọ̀ mọ́.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi bá ọkàn mi jà kí n tó lọ sí Ìsọlọ̀. Mo bá ìyá náà ní ìsọ̀ rẹ̀, mo jókòó, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un láti orí dé ìdí. Kò pariwo. Ó wò mí títí, ó wá ní, “Bàbá Tíṣà, mo ní mẹkáníìkì tèmi. Àwọn ọmọ mi ní kí n mú un dání lọ́jọ́ náà. Mo ní kò pọn dandan. Ewú orí yín ni mo rà.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju èébú lọ, nítorí pé òun ni ó fi ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ hàn mí. Mo rò pé ohun tí mo tà fún un ni irin, táyà àti ẹ́ńjìnnì. Òun mọ ohun tí ó rà jù mí lọ. Níbi tí òòlù kò ti lè dé, tí ojú kò ti lè rí, ẹni tí ń tà nìkan ni ayẹ̀wò tí ó kù. Mo ta ewú orí mi, mo gba owó rẹ̀, n kò sì gbé e fún un.

Mo dá gbogbo owó rẹ̀ padà ní ẹ̀ẹ̀mẹta, nítorí pé mo ti ná nínú rẹ̀. Ọkọ̀ náà, mo tà á fún àwọn tí ń tú ọkọ̀, mo sì fi ojú ibi tí ó ti ya hàn wọ́n kí wọ́n tó sọ iye tí wọn yóò san. Owó náà kò tó nǹkan. N kò sọ èyí kí ẹ lè yìn mí. Fún oṣù mẹ́rin tí mo fi dákẹ́, ọmọ rẹ̀ ń kó èrò láti Ìsọlọ̀ sí Òṣòdì lárọ̀ọ́-lálẹ́: àwọn tí ń lọ sí ibi iṣẹ́, àwọn ìyá tí ó pọn ọmọ. Ọlọ́run kò jẹ́ kí ṣáásì náà já. Ṣùgbọ́n n kò mọ ojú àwọn èrò náà, n kò mọ orúkọ wọn, wọn kò sì mọ̀ pé mo jẹ wọ́n ní gbèsè. Owó ìyá náà ni mo san. Tiwọn wà lọ́rùn mi títí di òní.